Ẹgbẹ̀ta Ẹṣin Lára Ilẹ̀kùn

Ẹ̀gbọ́n mi ti kun ẹgbẹ̀ta ẹṣin sára ilẹ̀kùn ọkọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ gbé sínú rẹ̀ tó dún rárá. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí mi lára. Ẹṣin la fi ń ka agbára ẹ́ńjìnnì, èèyàn sì máa ń wọn nǹkan kó tó kọ iye rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n tèmi kọ iye, ó wá ń wá nǹkan tó máa bá a mu kiri. Ọ̀dà pupa ló lò, ó sì ní kí akun-ọkọ̀ fi dúdú yí i ká, kí àwọn òǹwòran tó bá jókòó sẹ́yìn pátápátá lè rí i kà.

Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ìdíje tí bàbá wa tó ti kú fi sílẹ̀ ni, àwa ọmọ mẹ́ta la sì wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀gá. Bàbá Ariwo làwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn, nígbà tó sì gbọ́, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé oríkì ni. Èmi obìnrin ni mo tẹ̀ lé e. Èmi ni mò ń lọ ihò ẹ́ńjìnnì, tí mò ń wọn irin, tí mò ń to gbogbo rẹ̀ padà. Àbúrò wa, àbígbẹ̀yìn ìyá wa, ló ń wa ọkọ̀ nínú ìdíje. Tẹná lórúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níbi eré, ó sì ti mọ́ ọn lára débi pé ìyá wa nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìyá wa kì í wá wòran. Ilé ló máa ń jókòó sí, á gbé fóònù lé itan, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀ títí Tẹná á fi pè é.

Ẹ́ńjìnnì méjì la ní nílẹ̀ fún ìdíje tó ń bọ̀. Méjèèjì ní písítìn mẹ́jọ, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣẹgbẹ́ ara wọn. Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ tóbi. Ìkúùkù mi wọ inú ihò rẹ̀ láìfarakan ẹ̀gbẹ́, irin rẹ̀ nípọn, ó sì fi odindi ọkùnrin kan tó sanra wúwo ju tèmi lọ. Tèmi kéré. Mo fọwọ́ ara mi wọn písítìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè wúwo bákan náà, Tẹná ló sì ń bá mi di nọ́ọ̀tì rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ́ńjìnnì ńlá máa ń fa ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀ wá, bí ẹni fẹ́ fa igi tu. Kékeré a máa yára yí, ohùn rẹ̀ á sì máa tín-ín-rín bó ṣe ń lọ sókè. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀nà gbọọrọ lẹ ti fẹ́ sáré, ẹ gbé ńlá, mi ò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n níbi tí àwa ti ń sáré, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló gùn, kọ́nà ni gbogbo ìyókù, ọ̀kan nínú wọn sì ṣẹ́ kọ́rọ́ débi pé Ìgbọ̀nwọ́ la sọ ọ́. Ẹni tó bá gbé irin wúwo síwájú ọkọ̀ débẹ̀, imú ọkọ̀ ò ní fẹ́ yí. Gbogbo ìjà wa kò ju ìyẹn lọ, imú ọkọ̀, àti ọmọ ìyá wa tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ wọn agbára wọn, èmi ni mo kọ́kọ́ gbé tèmi lé ẹ̀rọ ìwọn-agbára. Mo gbé e síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tó máa bá a wọnú ọkọ̀: pọ́ńpù omi, fáànù, bẹ́líìtì, sàlẹ́ńsà. Ó fún wa ní irinwó ẹṣin lé ọgbọ̀n. Inú mi dùn sí i. Ẹ̀gbọ́n mi pòṣé.

"Ṣé kẹ̀kẹ́ lẹ fẹ́ gbé lọ síbẹ̀ ni?"

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ajórin ló rín in jù. Ọkùnrin yẹn, bí ọ̀gá bá rẹ́rìn-ín nílé olókùú, á bá a rín in, á tún fọwọ́ gbá itan.

Wọ́n gbé ńlá sórí ẹ̀rọ. Ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, àwọn sípánà tó wà lára ògiri ń jó. Ó fún wọn ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lé ogójì. Èmi tí mo kórìíra rẹ̀ yìí, mo mọ̀ pé iye gidi nìyẹn, kò sí àbùkù kankan níbẹ̀. Ká ní ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ èèyàn tó lórí pípé ni, ì bá rẹ́rìn-ín sí mi, kó lọ jẹun. Dípò ìyẹn, ó yíjú wo ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó wà ní igun yàrá.

"Ẹ tú pọ́ńpù omi kúrò," ó ní. "Ó ń jẹ ẹṣin wa."

"Kí ló máa wá tu ẹ́ńjìnnì lára?" mo bi í.

"Mo ní ẹ tú u."

Ajórin tú u. Wọ́n tú bẹ́líìtì, wọ́n tú fáànù. Wọ́n bọ́ sàlẹ́ńsà, ariwo náà sì wá le débi pé a ń fọwọ́ bára wa sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n lọ gbé yìnyín dídì wá, wọ́n sì kó o yí agolo epo ká, kí epo lè tutù kó tó wọlé. Wọ́n ń wọn ọ́n, wọ́n ń tún un wọ̀n, èéfín kún inú ilé, òórùn ọ́ìlì tó ń jóná sì gba gbogbo ihò imú mi. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lé àádọ́rin. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní pọ́ńpù omi, kò lè yí pápá ká lẹ́ẹ̀mejì kó má dín ara rẹ̀ gbẹ. Gbogbo wa tó wà nínú ilé yẹn la mọ̀. A ń wọn agbára ohun tí kò lè rìn.

Ó wá ku ojú ọjọ́. Ẹ̀rọ ìwọn-agbára wa, a máa ń sọ fún un bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Bí ooru bá mú, á bu díẹ̀ kún iye tó rí, torí pé ooru máa ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Èmi ló máa ń wà nídìí bọ́tìnnì rẹ̀.

"Fi ooru sí i," ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi.

"Ooru wo? Ṣebí súwẹ́tà lẹ wọ̀ yìí."

"Fi ooru sí i, mo ní. Ìwọ náà fẹ́ràn àríyànjiyàn jù."

"Mi ò fi nǹkan kan sí i. Bí ẹ bá fẹ́ purọ́, ẹ ní ìka tiyín."

Ó tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹgbẹ̀ta lé mẹ́rin. Wọ́n hó. Ẹ̀gbọ́n mi dì mọ́ ajórin, ajórin dì mọ́ akun-ọkọ̀, gbogbo wọn ń jó lórí omi yìnyín tó ti yọ́ sílẹ̀. Mo wojú Tẹná. Òun náà ń pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò. Mo jáde lọ dúró lẹ́yìn ilé.

Nígbà tí mo padà wọlé, mo sọ pé ká gbé méjèèjì sínú ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí Tẹná fi yí pápá ká, ká wò ó. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn ju kó kọ̀ lọ. Wọ́n dá pọ́ńpù omi padà sípò, wọ́n dá sàlẹ́ńsà padà, torí pé láìsí wọn, ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́gbẹ̀ta ẹṣin yẹn ò lè délé, ká má tíì sọ ti pápá. Ẹnì kan ò dárúkọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lé ogójì mọ́.

Kékeré la kọ́kọ́ gbé lọ. Kò sí nǹkan tí mo lè ròyìn nípa rẹ̀. Ó lọ, ó bọ̀, ó gba Ìgbọ̀nwọ́ bí ẹni yí kọ́kọ́rọ́ nínú àgádágodo. Tẹná sọ̀ kalẹ̀, ó ní ebi ń pa òun. A gbé ńlá wọlé lọ́jọ́ kejì, ojú ọjọ́ sì ṣú. Lójú ọ̀nà gbọọrọ, mi ò ní purọ́, ó kọjá níwájú wa bí ẹni tí wọ́n jù. Ajórin di etí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Tẹná tẹ bíréèkì fún Ìgbọ̀nwọ́. Mo rí i tí táyà iwájú yí, mo sì rí i pé ọkọ̀ ò bá a yí. Ó ń lọ tààrà, táyà ń sunkún, ó ń lọ sídìí ògiri pápá, ó sì dúró síbi tí ọwọ́ èèyàn ti lè kan ògiri náà láti ojú fèrèsé. Aago tí mo fi ń ka ìṣẹ́jú ṣì ń lọ lọ́wọ́ mi, mi ò dá a dúró.

Tẹná wà á padà wá jẹ́jẹ́. Ó bọ́ akoto, ó gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ti ọwọ́ náà bọ àpò kí ẹ̀gbọ́n wa má bàa rí i.

"Ṣé o gbọ́ ohùn ẹ̀?" Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

"Mo gbọ́, bọ̀dá."

"Táyà ò tíì gbóná ni. Kò sí nǹkan kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Táyà ni."

Inú bí mi sí Tẹná ju bó ṣe bí mi sí ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ọmọ tí mo fọ imú fún, tí mo gbé pọ̀n. Ó mọ̀ pé kì í ṣe táyà, ó mọ̀ pé èmi náà mọ̀, ó sì ń kúnlẹ̀ fún ariwo. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà kọjá lọ bá ẹ̀gbọ́n mi.

"Bó bá jẹ́ táyà, ó ti gbóná báyìí," mo ní. "Ẹ wọlé, kí ẹ wà á dé Ìgbọ̀nwọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n wà. Òun ló kọ́ Tẹná. Ó ti gba ife nígbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú.

"Èmi?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Kò ní gùn."

"Mi ò mú awò ojú mi wá."

"Awò ojú yín wà lórí yín, bọ̀dá," ni Tẹná wí. Ó rọra sọ ọ́, kì í ṣe pé ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kan awò náà. Ó ní ìjókòó ọkọ̀ yẹn, ìdí Tẹná ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó rán an. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni. Ó ní ọ̀gá ilé iṣẹ́ kì í jókòó sínú ọkọ̀, ta ló máa wá bójú tó iṣẹ́ bí nǹkan bá ṣe é. Bó ṣe sọ ìyẹn tán, ojú rẹ̀ yí padà, torí ó ti gbọ́ ohun tó tẹnu ara rẹ̀ jáde. Kódà ajórin kò rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé kò sí nǹkan tí kò yé ọkùnrin yìí rí. Ó mọ irin, ó mọ kọ́nà, ó mọ̀ láti ọjọ́ tó ti ra ọ̀dà. Mo ti rò pé òmùgọ̀ ni mò ń bá jà látọjọ́ yìí, ìyẹn ì bá tiẹ̀ sàn díẹ̀.

Tẹná yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò. Kò fi í pamọ́ mọ́.

"Bọ̀dá, ká ní mo wọ inú ògiri yẹn lọ, kí lẹ máa sọ fún Màámi?"

Kò tiẹ̀ ronú. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ fún àwọn oníròyìn. "Màá sọ fún wọn pé kò sí ògiri tó lè dá ẹ́ńjìnnì yẹn dúró."

Tẹná gbé akoto kúrò, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ bá mi gbé sípánà wá," àwa méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ẹ̀gbọ́n mi kò dá wa lẹ́kun. Òjò ti ń kán kí a tó fi ẹ̀rọ gbé ẹ́ńjìnnì náà jáde, ẹ̀wù Tẹná sì ti rin gbindin, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. A gbé e kalẹ̀ sórí pákó. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ súwẹ́tà rẹ̀. Ó kọjá lára Tẹná, ó tẹ́ súwẹ́tà náà lé ẹ́ńjìnnì, ó sì rọra ki etí aṣọ náà sábẹ́ kí omi má bàa wọlé.