Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Inú Ìgò

Ọmọlará tutọ́ sílẹ̀ kó tó dá Félix lóhùn.

"Ìwọ tí o kàwé tó báyìí, ṣé ohun tí o gbé wọ ọkọ̀ ojú irin láti Kútọnu wá sí Ṣábẹ̀ rèé? Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ń rìn?"

Félix rẹ́rìn-ín. Ìgò tó gbé lọ́wọ́ mọ́ gaara, aṣọ pélébé ló fi bo ẹnu rẹ̀. Ẹran òkun kan wà nínú omi ibẹ̀, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, àwọ̀ rẹ̀ bí ewé ilá. Kò ní ìkarahun, kò lẹ́sẹ̀, àfi ìwo méjì tó ń nà tó ń súnkì.

"Ìgbín òkun ni, Ìyá. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ kò rí òkun rí, mo fẹ́ kí wọ́n rí i láàyè lọ́jọ́ Ajé. Ẹ bá mi fi sí ibi ìbòòji. Mo ń lọ pe àwọn bàbá mi ní àdúgbò Boni, ká lè dá ọjọ́ ìgbéyàwó."

Ayé Rẹfolúsíọ̀nù nìyẹn, nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba. Ìjọba kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga káàkiri láti lọ kọ́ni, kàmárádì sì ni gbogbo wọn ń jẹ́. Kàmárádì Félix kì í gbéraga sí àgbà, ó sì fẹ́ fẹ́ Albertine, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọmọlará bí, tí ọkọ kò tètè yọjú fún. Ìyá yìí fẹ́ ìgbéyàwó náà dé egungun. Ṣùgbọ́n ẹran inú ìgò yẹn! Obìnrin tó máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ìgbín títí ikun yóò fi tán pátápátá, òun ni wọ́n wá gbé ìgbín tó jẹ́ kìkì ikun fún.

"Èébì ń gbé mi o," ló wí. "Albertine, bí ẹ bá fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú nǹkan yìí, ààtàn ni màá dà á sí."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, nítorí tèmi."

Ọmọlará gba ìgò náà, ó gbé e sí kọ̀rọ̀, ó sì fi etí ìró nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó tún nù ún.

Lọ́jọ́ kejì, Albertine lọ ṣa kajú lóko. Ọmọlará kò fẹ́ wo ìgò náà, ó sì ń wò ó ṣáá. Ẹran náà lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ó ń fi ikùn yọ́ rìn díẹ̀díẹ̀, ó ń ríni lára. Nígbà tó di ọ̀sán, ó já bọ́ sísàlẹ̀, ó ká jọ, kò mira mọ́. Àyà ìyá já. Bó bá kú, ta ni wọn yóò mú? Ó fi ìka méjì gbé ìgò náà sókè, omi rẹ̀ sì ta sí i létè.

Iyọ̀!

Ó tutọ́, ó nu ẹnu nù, inú sì bí i. Ta ni kò mọ̀ pé iyọ̀ ni ikú ìgbín? Ẹ wo bí ọ̀mọ̀wé ṣe ń pa ẹran ẹlẹ́ran! Ó da omi iyọ̀ náà nù, ó sì gbé ohun ẹlẹ́gbin yẹn sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ó tutù, ó lẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo irun ara rẹ̀ dìde. Síbẹ̀ ó rọra fi omi inú àmù ṣan iyọ̀ kúrò lára rẹ̀, ó dá a padà sínú omi tútù, ó já ewé gbúre tì í.

"Jẹun, ẹlẹ́gbin," ló wí.

Nírọ̀lẹ́, Félix àti Albertine jọ wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. Àwọn bàbá Boni ti gbà. Félix ṣí ìgò, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹran náà ti wú, ó ti funfun, ara rẹ̀ ti ń já wẹ́wẹ́, ó ń rùn.

"Ta ló pààrọ̀ omi rẹ̀?"

"Èmi ni. Iyọ̀ ló wà níbẹ̀, mo fẹ́ kó yè ni."

"Inú iyọ̀ ló ń gbé, Ìyá," ni Félix wí jẹ́ẹ́. "Kò burú. Ẹ má dààmú ara yín."

Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, èyí tí Ọmọlará sọ lánàá sì ti balẹ̀.

"Ẹ sọ pé ẹ óò ṣe é, ẹ sì ṣe é," ni Albertine wí. "Ẹ kò fẹ́ kí n lọ́kọ ni."

"Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé e, Albertine! Ọwọ́ yìí náà ni!"

Ó na ọwọ́ náà, ó fi di ọmọ rẹ̀ lápá mú. Albertine fa apá rẹ̀ kúrò, ó sì fi etí ìró nù ún.