Nọ́mbà tí ó ń wo awakọ̀ lójú

Ẹ̀yin ará àdúgbò Òkè-Àyọ̀, kí a tó nawọ́ sókè dìbò lórí iná oníkíkà, èyí tí ń ka ìṣẹ́jú àáyá tí ó kù fún ẹni tí ń sọdá, tí wọ́n fẹ́ rì mọ́lẹ̀ ní ẹ̀bá títì wa, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá lóru àná. Ẹ mọ̀ pé èmi gan-an ni mo ń jà fún iná náà láti ọjọ́ yìí wá, nítorí ìyá Fadérera, aya mi, tí orúnkún ń dùn, tí ó sì gbọ́dọ̀ sọdá títì yẹn lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Nínú àlá náà, èmi àti aya mi dúró létí títì. Nọ́mbà kan wà lórí òpó, ó dé fìlà. Ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ kú ìrìn, bàbá. Ẹ kú ìrìn, ìyá. Ogún ìṣẹ́jú àáyá ni mo ní fún yín. Ẹ máa fi í rìn ní ìrọ̀rùn." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé nọ́mbà tí ó mọ ìkíni kò wọ́pọ̀.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹsẹ̀ lé ìlà funfun àkọ́kọ́ ni ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ títì fò dé, tòun ti tàbílì àti àga, ó sì dúró sókè orí wa, ó ń ṣíji bò wá. Ọ̀gá ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Akínwándé, yọrí lójú fèrèsé, táì rẹ̀ ń fì nínú afẹ́fẹ́. "Ẹ má fòyà," ni ó wí. "Ẹni tí ó bá mọ iye tí ó kù fún un, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, èmi náà ti sọ ọ́ níbí rí.

Nígbà tí a dé àárín títì, ìlà funfun kan dìde, ó di Fọláhànmí, ọkọ ọmọ wa tí ó ń gbé ní Kàdúná. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, mà."

"Ẹ ǹlẹ́ o, àna mi. Ilé ńkọ́? Fadérera ńkọ́?"

"Wọ́n wà, mà."

"Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Méje," ni nọ́mbà wí, ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

Mo ní, "Ìyá Fadérera, jẹ́ kí a kí i tán ní òdìkejì."

Ó ní, "Ṣé kí n fi àna mi sílẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀ nítorí nọ́mbà? Ìyá yín ńkọ́, àna mi?"

Mo rí i pé ó jàre. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ ti ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀ bí àgbò tí ń múra ìjà. Awakọ̀ kan yọrí, ó ní, "Bàbá, ó ti ku mẹ́ta. Gbogbo wa ni a jọ ń kà á."

Mo yíjú sí nọ́mbà. "Ṣé àwọn náà ni o ń kà fún?"

"Ẹ̀yin ni mo ń kà fún, bàbá. Ṣùgbọ́n ìta gbangba ni ojú mi wà. Bí mo ṣe ń lé yín, bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè wọ́n. Ẹ ní kí ọ̀gá yí ojú mi kúrò lọ́dọ̀ wọn."

Mo ké sí Ọ̀gbẹ́ni Akínwándé pé kí ó pàṣẹ. Ó la ẹnu, "mẹ̀ẹ́ẹ̀" ni ó jáde. Ó ti di ewúrẹ́, táì rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀. Ó bẹ́ sílẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó ń rìn jẹ́jẹ́ láàrin títì bí ẹni tí ó ń ṣe àbẹ̀wò. Gbogbo ọkọ̀ dúró gbagidi. Nọ́mbà di òdo, ó fi fìlà bo ojú, kò sì sí ẹni tí ó wò ó. A tẹ̀ lé ewúrẹ́ náà sọdá, aya mi àti àna rẹ̀ ṣì ń bi ara wọn léèrè àlàáfíà.

Ìró fèrè ọkọ̀ ni ó jí mi. Ilẹ̀ ti mọ́. Mo bá aya mi lójú fèrèsé, ó fi ọwọ́ ti orúnkún. Ewúrẹ́ Alàgbà Ṣówándé, aládùúgbò wa, dúró láàrin títì, ó ń jẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn ọkọ̀ sì tò sẹ́yìn ara wọn níwájú rẹ̀.

"Ẹ wò ó," ni ìyá Fadérera wí. "Gbogbo wọn ni wọ́n dúró dè é. Wọ́n mọ̀ pé bí wọ́n bá pa á, Alàgbà Ṣówándé yóò jáde." Ó tún fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. "Wọn kò dúró dè mí rí."

Ẹ̀yin ará, ọwọ́ mi ṣì wà nílẹ̀.