Píkọ́ọ̀pù Jemimah

Lásìkò òjò ọdún 1984, píkọ́ọ̀pù Jemimah rì sínú ẹrẹ̀ lọ́nà Kuta, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń rọbí sì kú sínú ọkọ̀ náà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó lọ bá Tìámíyù mẹkáníìkì ní Ìwó.

“Táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń fa ọkọ̀ yìí. Bá mi ṣe é kí tiwájú náà máa fà.”

Tìámíyù tú gíá àti irin tó ń yí táyà iwájú lára ògbólógbòó jíìpù kan, ó sì fi oṣù kan tò wọ́n mọ́ ọn. Nígbà tí òjò tún rọ̀, wọ́n jọ wà á lọ síbi ẹrẹ̀ náà. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà, ọkọ̀ sì kọjá.

“Màmá, ó ti ṣiṣẹ́!”

Jemimah gbórí lé sítíárì, ó bú sẹ́kún.

“Tìámíyù, ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí?”