Irinṣẹ́ Kannakánná

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Tíṣà Sáyẹ́ǹsì fi fọ́nnu kiri ilé ìwé pé kannakánná òun mọ irinṣẹ́ í lò.

"Ẹ ki ẹran bọ ìgò ọlọ́rùn tóóró, ẹ fún un ní wáyà, á tẹ orí wáyà bí ìwọ̀, á sì fi fa ẹran jáde. Bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà nìyẹn!"

Kò purọ́ o, ó gbà á gbọ́ dọ́kàn ni. Àmọ́ àwọn ọ̀gá fẹ́ gba yàrá tó fi ń kọ́ ẹyẹ, kí wọ́n máa kó àga fífọ́ sí i. Bí ẹyẹ bá yege níwájú alábẹ̀wò ilé ìwé tó ń bọ̀, yàrá di tirẹ̀. Bí kò bá yege, kó gbé ẹyẹ lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ sì ti fún un lésì láàárọ̀: "Bí nǹkan yẹn bá wọlé, èmi á jáde."

Alábẹ̀wò dé, obìnrin kúkúrú olójú líle. Ó jókòó, ó yọ bírò. Tíṣà gbé ìgò ẹran méjì àti wáyà kalẹ̀.

Kannakánná wo wáyà, ó wo ìgò. Ló bá fò bà lé èjìká Tíṣà, ó fi àgógó ṣá a létí. Kí Tíṣà tó mọ ohun tó ń ṣe, òun fúnra rẹ̀ ti tẹ wáyà, ó ti ń kì í bọ ìgò.

"Ẹ dúró ná," ni alábẹ̀wò wí. "Ta là ń dán wò?"

Ìgbà náà ló tó yé Tíṣà. Àṣé látọjọ́ yìí, ẹyẹ ò fẹnu kan wáyà rí! Á ké, Tíṣà á ní kóun fi hàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹyẹ á jẹun, òun á kọ ọ́ sínú ìwé pé ó yege.

"Ẹ má bínú, mà. Ojú ń tì í níwájú mi ni."

"Ojú ń ti kannakánná? Èyí tó já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ mi ní géètì?"

Tíṣà kọjú sí ògiri, kí ẹyẹ má bàa rí ojú rẹ̀. Ẹyẹ ké. Ó tún ké.

"Kí ló dé, ọmọ mi? Ebi ń pa ẹ́? Rọra, má ṣá mi! Tíṣà, wáyà burúkú wo lẹ tẹ̀ báyìí? Ẹ̀yin ò mà mọ nǹkan kan í ṣe!"

Tíṣà yíjú padà. Alábẹ̀wò ti kúnlẹ̀, ó di ojú kan, ó ń fi wáyà wá inú ìgò. Ẹran yọ. Ẹyẹ gbé e mì, kò tilẹ̀ dúpẹ́.

"Irinṣẹ́ tuntun yìí mà yára ju ti àtijọ́ lọ, mà," ni Tíṣà wí jẹ́jẹ́.

Alábẹ̀wò dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé: Ẹyẹ yìí ń lo irinṣẹ́.

"Yàrá di tiyín. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá sọ irú irinṣẹ́ tó jẹ́ fún ẹnikẹ́ni, mo máa gbà á padà."

Kannakánná ti bọ́ sídìí ìgò kejì. Ó wo Tíṣà, ó wo alábẹ̀wò, bíi káfíńtà tó ń ṣa òòlù. Ó ké lẹ́ẹ̀kan péré.

Àwọn méjèèjì nawọ́ sí wáyà.