Orin Tí Ìyá Ìbejì Fi Ń Po Fúláwà

Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì wa kò ní aago. Kì í ṣe pé apá wa kò ká a. Ìyàwó mi ni kò fẹ́. Orin ló fi ń po fúláwà láti ọdún mọ́kànlélógún tí a ti bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ jọ, ẹsẹ mẹ́rin tí mo mọ̀ bí ẹní mowó: ọpẹ́ fún omi, ọpẹ́ fún àlìkámà, ọpẹ́ fún ọwọ́ tó ń pò ó, ọpẹ́ fún ẹnu tí yóò jẹ ẹ́. Bí orin bá ti parí, fúláwà ti fà dáadáa nìyẹn, ó ku ká gbé e sílẹ̀ kó wú. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló ń fi ìyìn Ọlọ́run ṣe aago. Á ní Ẹni tó ni àkókò náà ni òun ń yìn, kí n lọ wá nǹkan ṣe.

Nǹkan tí mò ń ṣe náà ni iná. Bó bá ti parí ẹsẹ kẹta, á fi àgbọ̀n júwe ẹ̀yìnkùlé fún mi, èmi á gbé àáké, n óò lọ la igi, n óò koná sí ààrò. Kí n tó padà dé, ó ti ń dúpẹ́ nítorí àwọn tí yóò jẹun. Èmi kì í bá a kọ ọ́. Ohùn mi ń dún bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo. Olórí akọrin ìjọ wa ti fọgbọ́n sọ fún mi rí pé iṣẹ́ Ọlọ́run pọ̀, kí n bá wọn to àga.

Nígbà tó yá, nǹkan wú sí ìyàwó mi lọ́rùn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn tó máa ń dá àwọn oníbàárà dúró lójú fèrèsé wa ti kẹ̀. Dókítà ní kó máa fi kọrin díẹ̀díẹ̀, pé bí kò bá lò ó, bó ṣe máa wà nìyẹn. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi.

“Bàbá Ìbejì, ohun tó dáa ni mo fi ń yin Ọlọ́run. Mi ò lè máa gbé àlòkù lọ bá a báyìí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ẹni tó ń kọrin látàárọ̀ wá ń to búrẹ́dì sínú agolo láìsọ̀rọ̀, bí àlejò nínú ilé ara rẹ̀.

Èmi ni mo gba pípò, nítorí dókítà kò fẹ́ kó ṣe iṣẹ́ agbára. N óò ti kọ́kọ́ dáná kí n tó bọ́ sídìí tábìlì. Mo gbìyànjú láti fojú díwọ̀n àkókò, búrẹ́dì le bíi bíríkì. Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo ní bí a ò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ, ni mo bá la ẹnu, mo kọrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Búrẹ́dì ọjọ́ náà dáa díẹ̀, ṣùgbọ́n kò wú tó. Mo kọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé, mo kọ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bákan náà ni.

Lọ́jọ́rú, mo parí ọpẹ́ ọwọ́, mo fẹ́ bọ́ sí ọpẹ́ ẹnu, ni ìyàwó mi yọ láti yàrá tó ti ń ká bébà tí a fi ń wé búrẹ́dì.

“Ẹ fo ẹsẹ kẹrin.”

Mo ní n kò fo nǹkan kan, pé ọpẹ́ ẹnu ni ẹsẹ kẹrin. Ó ní ìkarùn-ún nìyẹn. Mo bi í pé kí wá ni ìkẹrin. Ó wolẹ̀, ó ní kí n jẹ́ kí òun wí i fún mi.

“Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í po fúláwà,” ni mo wí. “Kọ ọ́.”

Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ sínú fúláwà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó sì fi ohùn tó kẹ̀ náà kọ ọ́:

*Mo dúpẹ́, Olúwa, fún ẹni tó ń dáná,*
*tó dúró sínú èéfín kí n lè dúró sínú orin.*
*Ó ní òun kò mọ orin í kọ,*
*bẹ́ẹ̀ ìró àáké rẹ̀ ni mo fi ń mọ ìwọ̀n tèmi.*

Ohùn rẹ̀ já lẹ́ẹ̀mejì, ó wúkọ́, ó sì tún gbé e. Omi lé ròrò sí mi lójú. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń dúpẹ́ nítorí mi lẹ́yìn mi, èmi sì wà níta tí mò ń la igi. A jọ kọ ẹsẹ karùn-ún, ìlẹ̀kùn tí kò rí epo àti ohùn tó kẹ̀. Fúláwà wú lọ́jọ́ náà títí ó fi kún etí agolo.

Nígbà tí dókítà gbà fún un láti máa pò padà, ó kọrin dé òpin ẹsẹ kẹta, ó júwe ẹ̀yìnkùlé fún mi. Mo jáde. Ṣùgbọ́n n kò la igi. Mo gbé àáké kalẹ̀, mo tẹ́tí sí ẹsẹ tèmi. Kò tíì dé ìlà kejì tó fi dákẹ́, tó sì fi ohùn kíkẹ̀ rẹ̀ bi mí láti inú ilé pé kí ló dé tí òun kò gbọ́ àáké, ṣé mo fẹ́ ba orin òun jẹ́ ni.

Mo gbé àáké.