Ará Ilé Ni Yín

Kúnlé, ìyá olóúnjẹ ẹ̀yìn ọ́fíìsì wa ni mo lálàá rẹ̀ mọ́jú òní. O ṣáà rí i lánàá: orí ẹja tó máa ń fi pamọ́ dè mí lójoojúmọ́ ló gbé fún ọkùnrin kan tó gun jíìpù wá. Ó wá ní, "Ẹ má bínú, ará ilé ni yín."

Lójú àlá, èmi ni mo di ìgbákọ mú. Ìkòkò ọbẹ̀ tóbi ju pálọ̀ mi lọ, orí ẹja sì ń ṣẹ́jú sí mi nínú rẹ̀. Ìyá yìí na abọ́, mo bù fún ewúrẹ́ kan tó ń kọjá. Ó tún na abọ́, mo bù fún jíìpù yẹn gan-an. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé e mì káló. Ni ìyá bá bú sẹ́kún. Mo ní, "Ẹ ní sùúrù, ará ilé ni yín."

Ẹ̀rín ni mo fi jí.

Kí lo wí? Ṣé mo jẹun níbẹ̀? Ó tì o! Ta ni ò mọ̀ pé oúnjẹ ojú àlá, oúnjẹ ọ̀tá ni?

Háà, Kúnlé! Oúnjẹ ọ̀tá ni mo fi ń du obìnrin yìí mọ́jú! Lálẹ́ òní, màá tètè sùn. Odindi orí ẹja ni màá bù fún un.