Kọ́ọ̀sì Tí Ọmọ Oníná Fò

Gbogbo kọ́ọ̀sì sáà àkọ́kọ́ ní yunifásítì ni ọmọ oníná mú, àfi ẹyọ kan. Ó mú mátì, ó mú físíìsì, ó mú yíya àwòrán ẹ̀rọ. Nígbà tó kan iṣẹ́ wáyà, níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ so iná, ó fò ó bí ẹni fo gọ́tà.

Olùdámọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Ẹnjiníà iná lo fẹ́ ṣe, o wá fo wáyà? Ṣé ẹnu lo fẹ́ máa fi tan iná ni?"

Àwọn tó tò sẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fi í di ọdún tó ń bọ̀?"

"Kò sóhun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ló dé?"

Ọmọ náà rẹ ohùn sílẹ̀. Ohun tí kò sọ fún ìyá tó bí i ló fẹ́ sọ fún ẹni tí kò mọ̀ rí yìí.

"Ojú mi ò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, Mà. Bákan náà ni wọ́n rí lójú mi."

Obìnrin náà rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó na bírò méjì sí i, pupa àti àwọ̀ ewé. "Èwo ni pupa?"

Ó mú ọ̀kan. Ẹ̀rín tún sọ.

"Ẹ gbà mí o," ni ẹnìkan wí lẹ́yìn, "ẹ má jẹ́ kí eléyìí fi mọ́tò gbé mi láé!"

Obìnrin náà kò bá wọn rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, iná ò mọ 'ẹ má bínú'. Bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́lé. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni símẹ́ńtì ní. Màá bá ọ bá ọ̀gá wa sọ̀rọ̀."

"Mo gbà" ti dé ètè rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ iná ló wọlé, tòun ti tẹ́sítà tó yọrí lápò aṣọ òde rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba ọmọ yìí wọlé ló ti ń pe ara rẹ̀ ní Bàbá Ẹnjiníà, tó sì ń pe ọmọ náà ní ọ̀gá mi. Ẹni tó kàn wá bèèrè ọ̀nà pàápàá gbọ́ ọ. Nílé, bí ọmọ bá mú wáyà tí kì í ṣe òun, ìkó lórí ni: "Ọkàn ẹ ò sí níbí!" Ọmọ gba ìkó, ó dákẹ́. Aláìfọkànsí ṣì sàn ju ọmọ oníná tí kò mọ wáyà lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ṣé ọ̀gá mi ò yọ yín lẹ́nu?" Ó bẹ kọ̀ǹpútà wò. "Háà! Kò mú wáyà? Èyí tó kọ́ lẹ́sẹ̀ mi?"

"Bàbá, ẹ jókòó ná. Ọ̀rọ̀ kan wà..."

"Mo gbàgbé ni, Bàámi," ni ọmọ náà já lu ọ̀rọ̀. Kí obìnrin náà tó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ti tẹ iṣẹ́ wáyà lórí kọ̀ǹpútà.

Iná kékeré kan tàn lójú kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ pupa, wọ́n kọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, wọ́n gbà á, kò sì sẹ́ni tó lè yọ ọ́ mọ́ títí sáà yóò fi parí. Ó bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ pupa. Ó tẹjú mọ́ ọn, tẹjú mọ́ ọn. Kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Ó wo obìnrin náà. Ìyẹn ti dorí kodò, ó ń kó bírò rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀.

"Ó ti wọlé!" Bàbá rẹ̀ gbá a lẹ́yìn gbàà. "Ọ̀gá mi ti wọlé!"

"Ẹni tó kàn," ni obìnrin náà wí.